Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Àsúnmọ́ra: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ohun Tí Ó Lè Ṣe fún Òrè àti Òdìgbò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìmọ̀-ẹ̀rọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní near field communication, tí wọ́n gé kúrú sí NFC. A wo bí káàdì tí kò ní bátìrì ṣe ń rí agbára gbà, bí ó ṣe ń fèsì, àti ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. A tún wo ìlò rẹ̀ nínú ètò ìrìnnà ní London àti ní Èkó, nínú ìwé ìrìnnà àti nínú ètò owó sísan. Èrò wa ni pé ìsúnmọ́ra nìkan kọ́ ni ó ń mú kí owó dé ọwọ́ ẹni tí a san án fún. Ibi tí àkọsílẹ̀ owó náà wà ni ó ṣe pàtàkì jù, pàápàá ní ìlú ojú ọ̀nà bíi Òrè.

1.0 Ìfáàrà

Òrè ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó wá láti ìlú Oǹdó ti pàdé òpópónà tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Benin. Nítorí ipò tí ìlú náà wà yìí, èrò tí ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn àti èrò tí ń bọ̀ wá sí Èkó a máa dúró níbẹ̀ láti jẹun, láti ra ọjà, tàbí láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tà àti àwọn tí ń rà ní irú ibẹ̀ ni kò mọ ara wọn rí. Olóúnjẹ kò lè sọ fún èrò ọkọ̀ pé kí ó mú owó wá lọ́la, nítorí pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èrò náà lè ti dé Onitsha. Owó gbọ́dọ̀ dé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó hàn gbangba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó bébà wọ́n gógó káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ènìyàn sáré lọ bá fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, owó a kúrò nínú àpò ẹni tí ó san án, kò sì ní tètè dé àpò ẹni tí a san án fún. Ẹni tí ó san ń búra pé òun ti san, ẹni tí ó tà ń búra pé òun kò rí i. Àwọn méjèèjì sì ń sọ òtítọ́.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé káàdì tí a kàn ń fi kan ẹ̀rọ ni yóò mú ìṣòro yìí kúrò. Ṣé òtítọ́ ni? A kò lè dáhùn láìkọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàrin káàdì àti ẹ̀rọ. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí nìyẹn.

2.0 Orúkọ àti Ìtumọ̀

Àwọn onímọ̀ ti ṣe gudugudu méje lórí èdè-ìperí Yorùbá. Apá kìíní ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà gbájú mọ́. Ìmọ̀-ẹ̀rọ tí a ń gbé yẹ̀wò yìí kò sì tíì sí nígbà náà. Nítorí náà, a ó máa pè é ní ìbánisọ̀rọ̀ àsúnmọ́ra nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé sísúnmọ́ ara ẹni ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí ó bá yẹ kí a gé e kúrú, a ó lo NFC tí àwọn tí ń ta fóònù mọ̀.

Èrò tí ó wà lẹ́yìn orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Yorùbá gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bákan náà ni àwọn baba wa mọ ohun tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ sínú láìsọ̀rọ̀. Àrokò kì í dún, kì í sì í pariwo lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ gan-an lè má mọ ohun tí ó ń wí. Ìgbà tí ó bá dé iwájú ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó tó di ọ̀rọ̀. Báyìí ni káàdì tí a ń sọ yìí ṣe rí: òkú ọ̀rọ̀ ni ó jẹ́ nínú àpò, àyàfi bí ó bá dé iwájú ẹ̀rọ tí ó lè kà á.

3.0 Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

3.1 Bí káàdì ṣe ń rí agbára gbà

Ní ọdún 1831, Michael Faraday ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà tí a ká, iná mànàmáná yóò sàn nínú wáyà náà, bí ohunkóhun kò tilẹ̀ fara kàn án. Orí ìlànà yìí ni tìráńsífọ́mà tí ó wà ní àdúgbò wa dúró lé. Nínú tìráńsífọ́mà, wáyà méjì ni a ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iná wọ inú ti àkọ́kọ́, ó sì jáde nínú ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wáyà méjèèjì kò so mọ́ ara wọn. Agbára òòfà ni ó gbé iná náà kọjá.

A lè sọ pé tìráńsífọ́mà kékeré tí a gé sí méjì ni ìbánisọ̀rọ̀ àsúnmọ́ra. Ìlàjì kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń ka káàdì, ìlàjì kejì sì wà nínú káàdì. Ẹ̀rọ náà ń rán iná tí ń yí padà síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 13,560,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan sínú wáyà tirẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní 13.56 MHz, òun náà sì ni gbogbo ẹ̀rọ NFC ní àgbáyé ń lò. Nínú káàdì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí rẹ̀ po, ó sì so mọ́ ṣíìpù kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Bí a bá gbé káàdì súnmọ́ ẹ̀rọ, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í sàn nínú wáyà yìí, ṣíìpù á sì jí. Ìdí nìyí tí káàdì kò fi nílò bátìrì, tí ó sì lè pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni láìbàjẹ́.

3.2 Bí káàdì ṣe ń fèsì

Báwo wá ni ohun tí kò ní agbára tirẹ̀ ṣe lè fèsì? Ẹ jẹ́ kí a wo àdúgbò tí iná rẹ̀ kò lágbára. Bí ẹni tí ó ń lọ ata bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, gílóòbù inú ilé wa á wálẹ̀. Bí ó bá pa á, gílóòbù á tún mọ́lẹ̀. A kò rí ẹ̀rọ ata náà, ṣùgbọ́n a mọ ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí ó dákẹ́. Bí alata náà bá fẹ́, ó lè fi títan àti pípa ẹ̀rọ rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀.

Ohun tí ṣíìpù inú káàdì ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń fa agbára púpọ̀, ó ń fa díẹ̀, ó tún ń fa púpọ̀, ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ tí ń kà á mọ ìyàtọ̀ náà lára wáyà tirẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí òdo àti ení, tí í ṣe álífábẹ́ẹ̀tì gbogbo kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fi sọ̀rọ̀ jẹ́ 106,000 òdo tàbí ení ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè tó 424,000. Èyí kéré púpọ̀ fún fíìmù, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó fún nọ́ńbà káàdì àti iye owó.

3.3 Ìdí tí kò fi lè jìnnà

Agbára òòfà inú wáyà kékeré kì í rìn jìnnà. Bí a bá ti kúrò nítòsí rẹ̀, tí a sì sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, agbára náà á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí NFC kò fi kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú ìlò ojoojúmọ́, sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí kí ó dín ni. Aṣọ àti bébà kò dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irin àti bébà onírin tí a fi ń wé oúnjẹ lè dí i pátápátá.

3.4 Ọ̀nà mẹ́ta tí fóònù ń gbà lò ó

Fóònù tí ó ní NFC ní bátìrì, ó sì lè ṣe ju ohun tí káàdì lè ṣe lọ. Lọ́nà kìíní, ó lè ṣe bí káàdì kí ẹ̀rọ mìíràn kà á. Lọ́nà kejì, ó lè ṣe bí ẹ̀rọ, kí ó ka káàdì tàbí àmì kékeré tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan. Lọ́nà kẹta, fóònù méjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni ó yẹ kí àwọn oníṣòwò kéékèèké fiyè sí, nítorí pé ó lè sọ fóònù òǹtajà fúnra rẹ̀ di ẹ̀rọ tí ń gba owó.

4.0 Ìtàn Rẹ̀ ní Ṣókí

Ní ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ Philips ti Netherlands àti Sony ti Japan fohùn ṣọ̀kan láti gbé ìmọ̀-ẹ̀rọ yìí kalẹ̀. Ní 2003, ó di ìlànà àgbáyé. Ní 2004, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Nokia dá ẹgbẹ́ NFC Forum sílẹ̀ kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè gbọ́ èdè ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Fóònù Nexus S ti Google gbé e wọ inú ètò Android ní 2010. Apple sì fi í sínú iPhone 6 ní 2014. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó ní i. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni a ṣe láìsí i, kókó yìí kò sì gbọdọ̀ ṣófo lọ́kàn ẹni tí ó bá ń ronú nípa ìlò rẹ̀ ní ìgbèríko.

5.0 Àwọn Ìlò Rẹ̀

5.1 Owó ọkọ̀

Owó ọkọ̀ ni ìlò tí ó kọ́kọ́ sọ irú káàdì yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Hong Kong bẹ̀rẹ̀ ìlò káàdì Octopus ní 1997, kí orúkọ NFC tilẹ̀ tó jáde. London gbé káàdì Oyster jáde ní 2003. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2012, ènìyàn lè fi káàdì báǹkì lásán wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2014, bọ́ọ̀sì London kò gba owó bébà mọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham àti agbègbè rẹ̀ mọ èyí bí ẹni mọ owó. Àyípadà náà gba ju ọdún mẹ́wàá lọ, wọn kò sì mú owó bébà kúrò títí káàdì fi kún ọwọ́ ará ìlú.

Ní Èkó, ètò káàdì Cowry wà lábẹ́ LAMATA, àjọ tí ń rí sí ètò ìrìnnà ní ìpínlẹ̀ náà. Orúkọ yìí yẹ é, nítorí pé owó ẹyọ ni ìtumọ̀ rẹ̀, tí àwọn baba wa fi ná ọjà. Bọ́ọ̀sì ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, káàdì náà ni èrò fi ń wọlé. Kò sí pé kọ́ndọ́ kò ní ṣéńjì, kò sì sí pé wọ́n so èrò méjì pọ̀ láti lọ pín owó.

5.2 Ìwé ìrìnnà

Láti ọdún 2007 ni ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ti ní ṣíìpù nínú. Ìlànà 13.56 MHz kan náà ni ó ń lò. Ìlànà àgbáyé lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n kan nínú: òṣìṣẹ́ ẹnubodè ní láti ṣí ìwé náà, kí ẹ̀rọ ka ohun tí a tẹ̀ sí ojú ewé rẹ̀, kí ṣíìpù tó gbà láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò lè ka ìwé tí a pa dé.

5.3 Àwọn ìlò mìíràn

A lè lẹ àmì NFC kékeré mọ́ ìwé ilé ìkàwé, mọ́ ìgò oògùn kí fóònù ka orúkọ oògùn sókè fún afọ́jú, tàbí mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ní Òdìgbò tí kòkó àti ọ̀pẹ pọ̀ sí, a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò kòkó kí ó máa sọ oko tí àpò náà ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti kọ òtítọ́ sínú àmì náà. Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá irọ́ ni àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kọ.

6.0 Ìsúnmọ́ra àti Ààbò

Ìbẹ̀rù tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé olè lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn kí ó sì fa owó rẹ̀ láti inú àpò. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìbẹ̀rù yìí, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ẹni méjì lè gbìmọ̀ pọ̀: ọ̀kan gbé ẹ̀rọ súnmọ́ àpò ẹni, èkejì dúró níwájú ẹ̀rọ ìsanwó níbòmíràn, wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ káàdì náà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Nítorí náà, ìsúnmọ́ra nìkan kò tó láti jẹ́ ààbò.

Ohun tí ó ń dáàbò bo káàdì báǹkì ni pé ṣíìpù rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fún owó kọ̀ọ̀kan tí a bá san, ó ń ṣe àṣírí tuntun kan tí báǹkì nìkan lè yẹ̀wò. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Inú báǹkì ni ó ti ń di odidi. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti àná kò lè fi ná owó òní. Ní àfikún, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde ní ọdún 2023 lórí sísan owó láìfi káàdì bọ inú ẹ̀rọ. Ó fi ₦15,000 ṣe ààlà fún ẹ̀ẹ̀kan, ó sì fi ₦50,000 ṣe ààlà fún ọjọ́ kan. Ohun tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti ní ìjẹ́rìí mìíràn.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì kan ti Netherlands wá. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud ní Nijmegen fi hàn pé irú ṣíìpù tí ó wà nínú káàdì Oyster ìgbà náà ṣe é dà kọ. Àwọn tí ó ṣe ṣíìpù náà ti gbé ààbò rẹ̀ lé fífi ìlànà rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ìlànà náà tú síta, ààbò tú pẹ̀lú rẹ̀. London yí padà sí ṣíìpù tí ó lágbára jù ú lọ. Kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí ó jẹ́ àṣírí. Bí a ṣe ṣe àgádágodo kò yẹ kí ó jẹ́ àṣírí.

7.0 Ìbéèrè Òrè: Níbo Ni Owó Náà Wà?

A lè padà wá sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. NFC ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ olùsanwó dé inú ẹ̀rọ, ìrìn sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Kò nílò nẹ́tíwọ̀kì fún ìrìn yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe lẹ́yìn náà dá lórí irú ètò tí a gbé kalẹ̀, oríṣi méjì sì ni ètò náà.

Nínú oríṣi kìíní, àkọsílẹ̀ owó wà lórí káàdì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Oyster. Ẹ̀rọ ń ka iye tí ó kù, ó yọ owó ọkọ̀ kúrò, ó sì kọ iye tuntun sí i. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti lọ, èrò yóò ṣì wọ ọkọ̀. Ẹ̀rọ yóò fi ìṣirò ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Nínú oríṣi kejì, tí í ṣe ti káàdì báǹkì, àkọsílẹ̀ wà ní báǹkì. Ẹ̀rọ POS sábà máa ń ní láti béèrè lọ́wọ́ báǹkì kí ó tó gbà. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí, fífi káàdì kan ẹ̀rọ kò sàn ju fífi í bọ inú rẹ̀ lọ. Kíákíá ní ẹnu ọ̀nà, ìdúró nínú ilé.

Ohun tí a rí fà yọ ni pé ẹni tí ó bá ta ẹ̀rọ NFC fún olóúnjẹ ní Òrè pẹ̀lú ìlérí pé wàhálà nẹ́tíwọ̀kì ti tán kò sọ òtítọ́ tán. Fún gáréèjì tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò yí padà lójoojúmọ́, káàdì tí owó wà lórí rẹ̀ lè wúlò. Òun náà ní ìnira tirẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń kó owó sí i ní Òrè, ní Òdìgbò àti ní àwọn abúlé, bí ó bá sọnù láìjẹ́ pé a forúkọ sílẹ̀, owó inú rẹ̀ lè bá a lọ, ẹ̀rọ tí ń kà á sì nílò iná. Fún olóúnjẹ tí èrò rẹ̀ ti ìlú mẹ́wàá wá, káàdì gáréèjì kan kò lè tó. Káàdì báǹkì pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó lè lo ju nẹ́tíwọ̀kì kan lọ ni yóò sàn fún un. Nínú gbogbo rẹ̀, kò yẹ kí a kọ owó bébà sílẹ̀ fún ìyá arúgbó tí ó ń ti oko bọ̀ tí kò ní káàdì kankan.

8.0 Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìra ohun tí ó wọ́n. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lè ràn án lọ́wọ́:

(i) Kí ó gbé tọ́ọ̀ṣì alágbára sẹ́yìn káàdì tí ó ní àmì ìlà ẹlẹ́wọ̀ mẹ́rin. Lára ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ìlà wáyà tí ó yí inú rẹ̀ po.

(ii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ètò inú fóònù tí ó bá wà bóyá NFC wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, kí wọ́n gbé fóònù súnmọ́ káàdì, kí wọ́n sì wọn ìjìnnà tí ó ti ń fèsì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi aṣọ, bébà àti bébà onírin dí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì tí kò ní owó nínú ni kí a lò.

(iii) Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì fi títan àti pípa tọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ òdo àti ení sí ara wọn, kí wọ́n lè lóye bí káàdì ṣe ń fèsì.

(iv) Kí kíláàsì jíròrò ìbéèrè yìí: bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ olùsanwó tí kò dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, ta ni ó yẹ kí ó ru àdánù náà, kí sì ni ẹ̀rí tí olúkúlùkù ní lọ́wọ́?

9.0 Ìkádìí

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé kò sí oògùn nínú káàdì tí a ń fi kan ẹ̀rọ. Wáyà méjì àti agbára òòfà tí Faraday ṣàwárí ní 1831 ni. Ìsúnmọ́ra ń fún káàdì ní agbára, ó sì ń dín ìyà ìdúró kù, ṣùgbọ́n kò tó fún ààbò, kò sì rọ́pò nẹ́tíwọ̀kì. Ojúṣe olùkọ́ ni láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: Níbo ni àkọsílẹ̀ owó náà wà? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ? Ta ni yóò ru àdánù bí ó bá bàjẹ́? Bí àwọn ará Òrè àti Òdìgbò bá lè béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní èdè abínibí wọn, tí wọ́n sì lóye ìdáhùn, wọn yóò lè fi ojú ara wọn yan ẹ̀rọ tí ó bá ọjà wọn mu.